Ọjọ́ Fàájì Ìbídùn Nínú Igbó Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wúkọ́ wú u tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí àga rẹ̀ ń mì sì wá òkúta tì í lẹ́sẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni bí ó bá ti gbéra. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti ṣọdẹ dé ibi tí ojú ọ̀run ti ń kan ni lórí. Mo ti bá iwin jiyàn rí, iwin náà ló sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe tèmi. Ti Ìbídùn ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ, àti ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọdẹ bíi tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ. Orúkọ ọkọ náà kò ní í jáde lẹ́nu mi báyìí. Ẹ bá mi dé iwájú, ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n mú Ìbídùn wọ ilé ọkọ, tí wọ́n ti da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, fà á sí kọ̀rọ̀.

"Ìyàwó," ni ó wí, "jẹun bí o ti fẹ́. Sùn bí o ti fẹ́. Ṣùgbọ́n ní agboolé yìí, ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé. Ti ọkọ rẹ ni kí o má tilẹ̀ dán wò. Ọjọ́ tí o bá la ẹnu pè é lórúkọ, o ti sọ ọ́ di ẹgbẹ́ rẹ nìyẹn."

"Mo gbọ́, Ìyá wa," ni Ìbídùn dáhùn lórí ìkúnlẹ̀.

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti fún gbogbo ilé lórúkọ àpọ́nlé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin di Ìdílẹ̀kẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan tí kò tíì hu eyín di Eyínfúnjowó. Òbúkọ ilé pàápàá, nítorí pé ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé òun wọlé, Bọ̀dá Onírùngbọ̀n ni Ìbídùn ń pè é, bí wọ́n bá sì pàdé lójú ọ̀nà tóóró, Ìbídùn ló máa ń yà. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń pè ní Olówó orí mi. Kò sí ẹni tó rí ẹ̀sùn fi kàn án nínú agboolé náà, kì í sì í ṣe pé wọn ò wá a.

Ọkọ yìí ní tirẹ̀ fẹ́ràn orúkọ bí ọmọdé ti ń fẹ́ràn àádùn. Adẹ́rùbẹfọ̀n ni ó sọ ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹfọ̀n kan rí i tí ó sì sá. Ẹnikẹ́ni kò bi ẹfọ̀n náà léèrè ohun tí ó rí. Ó tún máa ń sọ pé òun lè wà nínú balùwẹ̀ kí òun sì máa gbọ́ ìrìn ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ìrókò tó wà ní ìpẹ̀kun oko. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ yìí.

Nígbà kan tí ó lọ ta ẹran ìgbẹ́ ní ìgboro, ó gbọ́ pé àwọn tọkọtìyàwó tuntun níbẹ̀ a máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún fàájì. Wọn á lọ sí ọgbà ńlá kan tí ẹ̀rọ ti ń yí èèyàn po.

"Ẹ̀rọ á yí wọn po?" ni Ìbídùn bi í nígbà tó délé.

"Á yí wọn po, á gbé wọn sókè, á sì jù wọ́n sísàlẹ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe fún ẹni tó ni ẹ̀rọ?"

"Fàájì ni, Ìbídùn! Wọn á pariwo, wọn á jẹ gúgúrú, wọn á sì padà wálé. Ìwọ náà á ṣe é. Ìyàwó Adẹ́rùbẹfọ̀n ò ní kéré sí tàwọn ará ìgboro."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgboro jìnnà, ṣùgbọ́n Igbó Ẹlẹ́rìn-ín wà nítòsí. Nígbà yẹn igbó ṣì pọ̀ lágbègbè wa. Mo gbọ́ pé ilé epo ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ báyìí. Mi ò tíì padà lọ wò ó, mi ò sì mọ̀ bóyá mo fẹ́ wò ó. Bí ọ̀sán bá pọ́n, èèyàn a máa gbọ́ ẹ̀rín láti inú igbó náà, ẹ̀rín púpọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ igbe, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìka gún ọ̀pọ̀ ènìyàn níhà pa wọ́n lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ọdẹ tó bá gbọ́ ọ ló ń padà sẹ́yìn. Èmi ò sá ní tèmi o. Ẹsẹ̀ mi ló kàn ṣáájú mi délé.

Ọkọ Ìbídùn ní ibẹ̀ ni àwọn ń lọ. Ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀ tó mọ́ jù, Ìbídùn wé gèlè tí ìyá rẹ̀ fún un, wọ́n sì gbéra láàárọ̀. Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Wọ́n rìn, wọ́n dé.

Ọgbà kan ni wọ́n bá láàárín igbó, ògiri rẹ̀ jẹ́ igi alààyè tó fara mọ́ra. Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin kan jókòó lórí ẹní. Irun àwọn kan ti funfun bí òwú, àwọn mìíràn sì ṣì kéré. Wọ́n ń wo inú ọgbà láti àlàfo àwọn igi, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ọ̀kan nínú wọn a kúnlẹ̀, a sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Olówó orí mi o!"

"Wo bí wọ́n ṣe mọ àlejò í kí," ni ọkọ Ìbídùn wí. Ó juwọ́ sí wọn, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!"

Onílẹ̀kùn tó dúró níbẹ̀ jẹ́ iwin. Ojú rẹ̀ dà bí ojú gbogbo èèyàn, àfi pé kò sí ẹnu níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a na ọwọ́ náà sí ni lójú bí ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá sú u, a di ẹ̀ṣẹ́.

Ọkọ Ìbídùn na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Rárá," ni àtẹ́lẹwọ́ náà wí. "Mo ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ wọlé. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọkọ wọlé ní iwájú. Ìbídùn tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ láti ilé baba rẹ̀. Ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn wọn. Nígbà náà ni iwin tó tún na ọwọ́ rẹ̀.

"Òfin ọgbà wa kò pọ̀. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jáde. Á dúró síta, á sì pe ẹnìkejì rẹ̀ ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bí ó bá pè é, ẹ máa lọ sílé. Bí oòrùn bá wọ̀ tí kò pè é, ẹni tó wà nínú di tiwa títí di ọjọ́ tí ó bá pè é."

Ọkọ Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín. "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Orúkọ lásán? Ẹ̀yin iwin yìí ẹ ò mọ ọjà í tà."

Ìbídùn fẹ́ fa aṣọ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun kì í ta ko ọkọ rẹ̀ lójú àlejò. Ó kúnlẹ̀ síwájú iwin.

"Alàgbà, ẹ dákun, ṣé a lè jáde ká tún padà wọlé? Èmi ni mo fẹ́ ṣáájú."

Iwin di ẹ̀ṣẹ́.

Báyìí ni fàájì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gùn ni òjòlá kan tó gùn ju ọ̀nà oko lọ, tí wọ́n to àga sí lẹ́yìn láti ọrùn dé ìrù. Òjòlá náà fà gorí òkè kan, ó fà, ó fà, títí wọ́n fi ń rí ẹ̀yìn àwọn ẹyẹ. Ó dúró. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó já ara rẹ̀ sílẹ̀ bí okùn garawa tó bọ́ sínú kànga. Igbe tó jáde lẹ́nu Adẹ́rùbẹfọ̀n, mi ò ní í fara wé e fún yín níbí nítorí àwọn ọmọ tó ń sùn. Ìbídùn ní tirẹ̀ la ẹnu láti ké, ó sì yára pa á dé. Orúkọ kan ló ti gorí ahọ́n rẹ̀, ó fi eyín tì í padà.

"Mi ò pariwo o," ni ọkọ rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. "Òjòlá ni mo ń kí."

"Ó gbọ́ kíkí yín, Olówó orí mi."

Wọ́n ra gúgúrú lọ́wọ́ iwin kan tó ń yan án lórí ara rẹ̀ tó gbóná, wọ́n sì lọ gun kẹ̀kẹ́ ńlá kan tó dúró lóòró, tí àwọn ìjókòó so rọ̀ mọ́ bí èso. Ó gbé wọn sókè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi rí òrùlé ilé wọn lókèèrè, wọ́n rí Bọ̀dá Onírùngbọ̀n tó ń jẹ ẹní Ìyá Àgbà. Níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ dúró sí. Iwin kékeré kan bà sí etí ìjókòó wọn bí àdàbà.

"Mo ní àlọ́," ni ó wí. "Ẹ ò ní í sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ ò bá já a."

"Pa á," ni ọkọ Ìbídùn wí. "Ìwọ ló máa kọ́kọ́ rẹ̀."

"Kí ni ó jẹ́ ti ọkùnrin, tí ọmọdé ń lò, tí àgbà ń lò, tí ọ̀tá pàápàá ń lò, tí ìyàwó rẹ̀ kì í sì í fọwọ́ kàn?"

"Ìbọn mi."

"Ọ̀tá rẹ ń lo ìbọn rẹ?"

"Kò tó bẹ́ẹ̀! Àwọ̀n mi ni."

"Ọmọdé ń lo àwọ̀n rẹ?"

Ọdẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí ka gbogbo ẹrù rẹ̀, ó ka àpò, ó ka fìlà, ó ka ìkòkò ìdáná rẹ̀ nínú ahéré. Atẹ́gùn ń fẹ́, ìjókòó ń mì. Nígbà tó dé orí ṣòkòtò ìsinmi rẹ̀, Ìbídùn wolẹ̀, ó sì fi ohùn kékeré wí pé, "Orúkọ rẹ̀ ni."

Kẹ̀kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i.

"Ìbídùn, wàá pè mí, àbí?"

"Ẹ ò mọ ohun tí Ìyá Àgbà sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé? Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá pè yín, mo ti sọ yín di ẹgbẹ́ mi. Kí ni mo fẹ́ délé sọ?"

"Kò le. Pè mí ní Adẹ́rùbẹfọ̀n. Ta ni kò mọ Adẹ́rùbẹfọ̀n nínú ayé yìí?"

"Ìyá yín ló sọ yín bẹ́ẹ̀?"

"Bí ó bá ti mọ̀ pé mo máa dà báyìí, òun ni ì bá sọ mí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wọ ilé dígí. Nínú dígí, ọdẹ náà rí ara rẹ̀ tí etí rẹ̀ gùn tí imú rẹ̀ sì yọ síwájú, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìbídùn rí ara rẹ̀ tí irun rẹ̀ funfun, ó jókòó lórí ẹní. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì jáde.

Níkẹyìn wọ́n dé ibi tí àwọn ẹṣin igi ti ń yí po lórí pèpéle ńlá kan, orin sì ń jáde láti abẹ́ rẹ̀. Wọ́n kun àwọn ẹṣin náà láwọ̀ tó dára púpọ̀. Ìbídùn tẹjú mọ́ wọn, ó rí i pé ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Òmíràn kọ pélé, òmíràn kọ àbàjà, òmíràn sì kọ gọ̀ǹbọ́. Kí ọkọ rẹ̀ tó gun ọ̀kan nínú wọn, Ìbídùn kúnlẹ̀ kí ẹṣin náà, nítorí kò mọ èyí tó jù ú lọ.

"Ẹ kú ìgbéyàwó," ni ẹṣin alábàjà náà wí lábẹ́ ọkọ rẹ̀. "Ẹ rọra jókòó, ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹṣin, o ń sọ̀rọ̀?" ni ọdẹ náà bi í.

"Ọkùnrin bíi tìrẹ ni mí. Ìyàwó mi wà níta, o rí i bí o ṣe ń wọlé. Èyí tó jókòó sí etí ẹní. Obìnrin gidi ni. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, kò ṣì mí pè rí. Olówó orí mi ní òwúrọ̀, Olówó orí mi ní ìrọ̀lẹ́."

"Tèmi a máa kúnlẹ̀ kó tó pè mí," ni ẹṣin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wí.

"Tèmi kì í tilẹ̀ pè mí rárá," ni ẹṣin tó wà lẹ́yìn wí. "Ojú ń tì í. Ẹ̀yin ò tíì rí ìwà."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀wà jù, wọ́n ń yí po, wọ́n ń bú ara wọn, orin sì ń lọ. Ọkọ Ìbídùn sọ̀ kalẹ̀ láìdúró kí pèpéle dúró. Gúgúrú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sì ṣà á.

"Ìbídùn," ni ó wí, "ká máa lọ sílé."

Oòrùn ti dé orí àwọn igi. Onílẹ̀kùn ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, Ìbídùn jáde, iwin náà sì tún un tì mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú. Àwọn obìnrin orí ẹní sún, wọ́n ṣe àyè kan láàárín wọn.

"Ìyàwó, káàbọ̀," ni èyí tó jókòó sí etí ẹní wí. Irun rẹ̀ funfun báláú. "Jókòó. Ẹní rọ̀ níbí yìí, ìdí ò ní í dùn ọ́."

"Ẹ ṣé, Ìyá mi. Mi ò ní í pẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa wí."

Ìbídùn kọjú sí ọgbà. Láti àlàfo àwọn igi, ó rí ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Olówó orí mi!" Gbogbo ẹṣin orí pèpéle yí ọrùn padà lẹ́ẹ̀kan náà wò ó.

"Ó pọ̀ níbí," ni àtẹ́lẹwọ́ iwin wí. "Èwo?"

"Adẹ́rùbẹfọ̀n!"

Ẹfọ̀n kan dìde nínú igbó lẹ́yìn wọn, ó sì sá lọ. Ilẹ̀kùn kò mì.

"Baba àwọn ọmọ mi!"

"Ọmọ dà?" ni iwin bi í.

Oòrùn ku bíńtín. Nínú ọgbà, etí ọkọ rẹ̀ ti ń gùn. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan walẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ẹsẹ̀ náà kò sì dúró. Kò fọ́nnu mọ́. Ó kàn ń wo Ìbídùn ni.

Ìbídùn yíjú sí ìyá arúgbó náà. "Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò pè wọ́n? Láti ọjọ́ yìí wá! Ẹ kàn pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, ta ló máa gbọ́?"

"Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú ń tì mí," ni ìyá náà wí. "Mo ní bí ó bá di ọ̀la màá pè é. Ọ̀la dé, mo tún ní ọ̀tunla." Ó ń fi ọwọ́ pa etí ẹní mọ́lẹ̀. "Ní báyìí, màá pè é tí mo bá lè pè é. Mi ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́."

"Ẹ bi àwọn fúnra wọn!"

"Mo bi í. Ó ní Olówó orí mi ni orúkọ òun."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, Ìbídùn dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbọ́n iyanrìn kúrò ní eékún rẹ̀. Ó rí Ìyá Àgbà lójú ọkàn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omi ẹsẹ̀ ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ foríjì mí, Ìyá wa." Ó sì la ẹnu.

"Ọdẹ́dìran!"

Orúkọ náà gba àárín àwọn igi kọjá. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya kúrò lára òpó. Etí ọkùnrin náà sún kì padà sí àyè rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dẹ́kun wíwalẹ̀. Ọ̀nà là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rìn. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọdẹ tó gbọ́ nǹkan lókèèrè.

"Kí lẹ ń dúró ṣe?" ni Ìbídùn ké. "Oòrùn ń wọ̀!"

"Tún un pè," ni ó wí.

"Kí ni?"

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Tún un pè."

"Ọdẹ́dìran! Ṣé orí rẹ pé? Jáde kúrò níbẹ̀ kí n tó wọlé wá bá ọ!"

Ó jáde. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin orí ẹní tó ṣì kéré bo ojú rẹ̀, ó sì pe orúkọ kan láti abẹ́ aṣọ. Òmíràn pè. Àwọn ọkùnrin mélòó kan bọ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde, wọ́n ṣì ń gbọn ìrù tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá arúgbó etí ẹní kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ń dán àwọn orúkọ wò lábẹ́ ẹnu, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ní ìsàlẹ̀ àpò. Ìbídùn kúnlẹ̀ dágbére fún un. Nígbà tí oòrùn wọ̀, iwin fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yán, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n délé. Ìyá Àgbà bèèrè bí fàájì ti rí.

"Ó dára púpọ̀, Ìyá wa," ni Ìbídùn wí lórí ìkúnlẹ̀. "Wọ́n gbé wa sókè, wọ́n jù wá sísàlẹ̀."

"Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí, Ìyá wa. Olówó orí mi kí òjòlá."

Ó yà fún Bọ̀dá Onírùngbọ̀n lọ́nà, ó sì wọ ilé ìdáná. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú agboolé yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kí ó dárúkọ ọkọ. Àfi pé ní ìrọ̀lẹ́, bí ojú bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, a máa lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń nu ìbọn, a sì pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, kí ó má baà gbàgbé. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ìrìn ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ìrókò láti inú balùwẹ̀ kì í sì í gbọ́ ọ, títí yóò fi tún un pè.